Géèmù Kíláòdù Tàbí PS Tuntun: Ṣe àti Má Ṣe fún Ará Ìgbẹ́tì

Àríyànjiyàn yìí kò tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Apá kan ní kí ẹnikẹ́ni má fowó ṣòfò lórí ẹ̀rọ mọ́, pé géèmù ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù lásán sì lè gbá a. Apá kejì ní ẹni tí kò bá tí ì gbé PS5 wọlé, kó dákẹ́. Tọ̀tún tòsì wọn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Lọ́ńdọ̀nù la jọ ń gbé. Ìgbẹ́tì la wà. Àpáta yí wa ká, iná ń lọ nígbà tó bá wù ú, owó dátà sì ti fò sókè. N kò ní fi èrò mi pa mọ́ dé ìsàlẹ̀: lónìí, ẹ̀rọ tó ní ojú síídì ló bá ìlú yìí mu, kódà kó jẹ́ tòkunbọ̀. Kíláòdù lè wúlò lọ́la, a ó sì dé ibẹ̀.

Ṣe: Mọ ohun tí o fẹ́ sanwó fún.

PS tàbí Xbox tí o bá gbé wálé, inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Ó ka síídì, ó gbé àwòrán jáde, ó tán. Ti kíláòdù kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ní òkèèrè ni géèmù náà wà, àwòrán rẹ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ, gẹ́gẹ́ bí fídíò YouTube ṣe ń dé. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì pé kí Osimhen gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, àṣẹ yẹn á kọ́kọ́ rìnrìn àjò dé ibi tí kọ̀ǹpútà náà wà, àwòrán góòlù á sì tún rìn padà wá bá ọ. Ọ̀kan ń jẹ iná, èkejì ń jẹ dátà. Inú ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn ni gbogbo ìyókù ti jáde.

Má ṣe: Fojú kéré ọ̀nà.

Láti ilẹ̀ Yorùbá dé Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Inú wáyà fáíbà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń gbé iṣẹ́ tí a rán an, ó sì ń sáré tó 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó yá, ká ṣírò rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 10,000 kìlómítà, ìyẹn 50 mílísẹ́kọ́ndì, bí wáyà náà bá lọ tààrà. Kò sì lọ tààrà. Ó gba abẹ́ òkun, ó yí etí Áfíríkà po, ó gúnlẹ̀ sí Èkó, ó wá ku bí yóò ṣe gòkè dé agbègbè wa, Òkè-Ògùn. Géèmù bọ́ọ̀lù tó ń dán gaara ń gbé 60 àwòrán jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kan kò sì gbà ju 17 mílísẹ́kọ́ndì lọ. Nvidia, tó ni géèmù kíláòdù GeForce NOW, sọ ọ́ kedere fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ìdádúró láàárín wọn àti kọ̀ǹpútà òun kò gbọdọ̀ tó 80 mílísẹ́kọ́ndì. Ìyẹn ni pé ọ̀nà nìkan ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kí nẹ́tíwọ̀kì wa tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà tirẹ̀.

Fún eré tí kò ní kánjú, irú èyí tí o ti ń rò ó kí o tó sún ọmọ ayò, ó ṣeé fara dà. Fún pẹnárítì, aṣọ́lé á ti fò tán kí bọ́tìnnì rẹ tó débẹ̀.

Wáyà abẹ́ òkun náà kò ṣeé fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú wọn, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní etí òkun Côte d'Ivoire. Ilé ìfowópamọ́ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, íntánẹ́ẹ̀tì fà bí ìgbín ní Nàìjíríà, Gánà, Bìnì àti ibòmíràn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì ni àtúnṣe gbà. Ẹni tí géèmù rẹ̀ wà nínú síídì kò tiẹ̀ ní láti mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Má ṣe: Fi dátà fóònù bẹ̀rẹ̀ kíláòdù láìṣírò.

Microsoft ní 10 Mbps ni ó kéré jù tí fóònù nílò fún Xbox tí wọ́n ń gbá lórí kíláòdù. Bí 10 Mbps bá ń ṣàn fún wákàtí kan gbáko, 4.5GB ló lọ. Wákàtí méjì lálaalẹ́ di 9GB. Oṣù kan di 270GB. Bí o bá wá fẹ́ àwòrán tó mọ́ dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n, GeForce NOW á béèrè 25 Mbps, èyí tó lè jẹ dátà tó 11GB ní wákàtí kan.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Kò pẹ́ sí i tí MTN gbé 15GB ọlọ́sẹ̀ kan láti 2,000 náírà dé 6,000 náírà. Ariwo ta, ilé-iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé 15GB yẹn, tí ẹlòmíràn fẹ́ fi ṣe WhatsApp àti Facebook fún ọ̀sẹ̀ kan, kò tó wákàtí mẹ́rin lórí kíláòdù.

Kí n má fi apá kan sílẹ̀: ẹ̀rọ inú ilé náà ń jẹ dátà. Géèmù ńlá tí o bá fà wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lè kọjá 50GB, Call of Duty sì ti kọjá 100GB. Síídì pàápàá máa ń béèrè àfikún nígbà tí o bá kọ́kọ́ fi í sí i. Àmọ́ o lè ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní òru tí dátà dínwó, tàbí kí o gbé ẹ̀rọ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ní Wi-Fi ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin. Kíláòdù kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń gba tirẹ̀.

Ṣe: Yẹ nẹ́tíwọ̀kì wò ní aago mẹ́jọ alẹ́, nínú yàrá tí o ti máa gbá a.

Má yẹ̀ ẹ́ wò ní aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí gbogbo ìlú ṣì ń sùn. Yá káàdì MTN, Airtel àti Glo lọ́wọ́ àwọn ará ilé, kí o fi ojúewé ìdánwò ìyára (speed test) dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Má wo bí ó ṣe ń sáré nìkan. Wo ibi tí wọ́n kọ ping sí, nítorí ìyẹn ni ìdádúró. Ìgbì nẹ́tíwọ̀kì kì í la àpáta kọjá bọ̀rọ̀, nítorí náà, ilé méjì tí wọn kò jìnnà síra nísàlẹ̀ Òkè Ìyámọ̀pó lè má rí nẹ́tíwọ̀kì kan náà. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ rí nílé tirẹ̀ kò kàn ọ́.

Má ṣe: Gbà pé kíláòdù ni ti mẹ̀kúnnù.

Ìpolówó ni ìyẹn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft gbé Game Pass Ultimate, súbù Xbox tó ní kíláòdù nínú, láti 19.99 dọ́là lóṣù dé 29.99. Ọdún kan di 360 dọ́là. Bí a bá fi 1,500 náírà ka dọ́là kan, ó di 540,000 náírà, kò sì sí ohun kan tí o máa rí tà ní òpin ọdún. O kò tí ì ra dátà o.

Láti ọdún 2022 ni ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ ti dá káàdì náírà dúró lẹ́nu ìsanwó sí òkèèrè. Ní 2025 ni àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí i padà. Súbù olóṣooṣù tí wọ́n ń fi dọ́là san nílò káàdì tí kò ní já ọ kulẹ̀ ní àárín oṣù.

Má ṣe: Fi ìlú ẹlòmíràn forúkọ sílẹ̀ nítorí kíláòdù.

Stadia, géèmù kíláòdù ti Google, kò dé orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan títí wọ́n fi pa á. PlayStation Plus Premium tí Sony ń tà fún Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ní kíláòdù nínú. Ṣùgbọ́n South Africa, tí Sony mọ̀ dáadáa, Deluxe ni wọ́n fún wọn níbẹ̀, kíláòdù kò sì sí nínú rẹ̀. Nàìjíríà kò tiẹ̀ sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ènìyàn lè yàn bó bá ń ṣí àkáǹtì PlayStation Network. VPN tó ń ṣe bí ẹni pé Manchester lo wà yóò tún fi ọ̀nà kún ọ̀nà, ilé-iṣẹ́ sì lè ti àkáǹtì náà pa pẹ̀lú owó rẹ nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ní PS nílé náà ń lo àkáǹtì Amẹ́ríkà tàbí ti UK, tí wọ́n ń ra káàdì ẹ̀bùn fi gbé owó sí i. Ó fi wọ́n sí abẹ́ òfin ìlú tí wọn kò gbé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí àkáǹtì yẹn bá kú lọ́la, síídì rẹ ṣì wà lórí tábìlì. Ẹni tó bá sì ń ra káàdì ẹ̀bùn, kó rántí pé ti Amẹ́ríkà kì í wọ àkáǹtì UK. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ṣeé padà sí ni kó ti rà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó bá pàdé lórí Telegram.

Ṣe: Ka iná kí o tó ka owó.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti gùn. NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná, pín àwọn tó ń lo iná sí ìsọ̀rí: Band A yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó Band A láti 68 náírà dé 225 náírà fún yúníìtì kan. Béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ iná wa, IBEDC, pé inú ìsọ̀rí wo ni àdúgbò rẹ wà, lẹ́yìn náà kí o fi ojú ara rẹ ka wákàtí tí iná ń wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí o bá kà ni kí o gbà gbọ́. Ní 2024 nìkan, gbogbo iná orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, Band A àti Band E sì jọ wà nínú òkùnkùn kan náà.

Wàyí o, ìṣirò. PS5 ń fa nǹkan bí 200 wáàtì nígbà tí eré bá gbóná. Tẹlifíṣọ̀n 32 ínṣì lè fi 50 kún un. Wákàtí mẹ́rin jẹ yúníìtì kan. Owó yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára, àìsí iná ni wàhálà. Bí o bá ní ìnfátà, bátìrì olómi kan tó jẹ́ 200Ah, 12V, gbé yúníìtì 2.4. Ìdajì rẹ̀ ni kí o lò bí o kò bá fẹ́ kó tètè kú. Nígbà tí ìnfátà bá ti mú tirẹ̀ kúrò, PS5 á gbé ọ dé nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. PS4 Slim, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 100 wáàtì, á fún ọ ní nǹkan bíi méje pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n kan náà. Wákàtí mẹ́ta ni ìyàtọ̀ yẹn ní ìrọ̀lẹ́ tí NEPA kò mú nǹkan kan wá.

Fóònù tó ń gbá kíláòdù fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ iná rárá. Ibẹ̀ ni kíláòdù ti borí ní Òkè-Ògùn, n kò sì ní jiyàn rẹ̀. Ìbá ṣe pé nẹ́tíwọ̀kì wa dára tó bí iná wa ṣe burú tó ni, ìwé tí mò ń kọ yìí ìbá yàtọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, fífi epo gbá géèmù ti di ọ̀rọ̀ olówó. Bí o bá ní láti lò ó, má so ẹ̀rọ mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tààrà. Iná rẹ̀ ń jó sókè sódò. Fi sitẹbuláísà sáàárín.

Má ṣe: Ra ẹ̀rọ tí kò ní ojú síídì.

Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ràn kan ṣoṣo lo fẹ́ mú nínú ìwé yìí, mú èyí. Xbox Series S kò ní ojú síídì. PS5 Digital kò ní. PS5 Pro tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, tó sì gbówó lórí ju gbogbo wọn lọ, kò ní. Ojú síídì PS5 tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó jáde ní 2023, ṣeé yọ, ó sì ṣeé rà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n o ní láti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ tí o bá kọ́kọ́ so ó mọ́ ọn kí ó tó gbà láti ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń tajà ní Ìkẹjà tàbí Ìbàdàn kì í sábà sọ pé ẹ̀rọ kan kò ní ojú síídì, wọ́n á kàn ní “PS5 ni, ó dínwó.” Wo ojú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ kí o rí ibi tí síídì ń gbà wọlé.

Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ ọn? Géèmù tuntun ńlá ń lọ ní 70 dọ́là, ìyẹn 105,000 náírà bí a bá tún fi 1,500 náírà ka dọ́là kan. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó ń fa géèmù wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì san gbogbo owó yẹn, kò sì lè tà á. Ẹni tó ra síídì lè yá ọ̀rẹ́, ó lè fi pààrọ̀, ó lè tà á lọ́jọ́ tí ó bá sú u. Ẹni mẹ́ta ní àdúgbò kan, kí oníkálukú ra síídì kan, oníkálukú ti ní mẹ́ta láti gbá. A mọ èésú dá nílẹ̀ yìí fún ohun tó tóbi ju èyí lọ. Ẹ dá a fún síídì. Ìkan lóṣù, kó máa yípo.

Ṣe: Tún PS4 wò.

Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. PS4 jáde ní 2013, síbẹ̀ EA Sports FC 26 tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ṣì wà fún un. FC yìí náà ni FIFA tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2023. eFootball ti Konami, tó gba ipò PES, ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà lórí PS4 àti lórí fóònù. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù lo fẹ́ gbá, bọ́ọ̀lù náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbá lọ́dọ̀ wa, kí ni PS5 fẹ́ ṣe fún ọ tí o máa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù ọdún kan san án?

N kò bù mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Sony gbé PS5 tó ní ojú síídì dé 549.99 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 2020, 499.99 dọ́là ni. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ géèmù máa ń dínwó bó bá ṣe ń pẹ́ lọ́jà, èyí ń lé sí i. 550 dọ́là ní 1,500 náírà jẹ́ 825,000 náírà, láìka owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò. Òṣìṣẹ́ tó ń gba 70,000 lóṣù, 840,000 ló gbà ní ọdún kan, bí kò bá jẹ, tí kò mu.

PS5 ń gbá síídì PS4. Nítorí náà, síídì tí o bá kó jọ báyìí kò ní ṣòfò ní ọjọ́ tí owó bá dé.

Ṣe: Gbá eré kan parí kí o tó sanwó tòkunbọ̀.

Fi síídì sí i kí o gbọ́ bó ṣe ń kà á. Gbọ́ ariwo fáànù. Fi ọwọ́ mi wáyà HDMI díẹ̀díẹ̀, bí àwòrán bá ń lọ tó ń bọ̀, fi sílẹ̀. Gbé pẹ́ẹ̀dì kalẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Bí ẹni orí pápá bá ń dá rìn, pẹ́ẹ̀dì yẹn ti kú ìdajì.

Má ṣe: Ra ẹ̀rọ tí wọ́n ti já ìdè ààbò rẹ̀.

Wọ́n á ní géèmù 40 ló wà nínú rẹ̀, pé o kò ní ra síídì mọ́ láéláé. Jíjí ni géèmù yẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ti já kò gbọdọ̀ gba àfikún tuntun láti ọ̀dọ̀ Sony, bí ó bá sì fojú hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n lè fòfin dè é. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ rẹ lọ́la á béèrè, o ò sì ní lè purọ́.

Má ṣe: Pe ohun tó wà lórí kíláòdù ní tìrẹ.

OnLive, ilé-iṣẹ́ géèmù kíláòdù kan, bẹ̀rẹ̀ ní 2010 ní Amẹ́ríkà. Àwọn oníròyìn ní ẹ̀rọ inú ilé ti kú. OnLive ló kú, ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, lẹ́yìn tí Sony ra àwọn ẹ̀tọ́ ìmọ̀ rẹ̀. Google wá gbé Stadia dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Google o, tí owó kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni wọ́n kéde pé àwọn ń tì í, ní ọjọ́ 18 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ilẹ̀kùn ti sé. Wọ́n dá owó géèmù àti ti ẹ̀rọ padà fún àwọn tó rà á lọ́dọ̀ wọn, ká yìn wọ́n fún ìyẹn, nítorí kò dájú pé ẹlòmíràn á ṣe bẹ́ẹ̀. PS2 wà ní ilé àwọn ènìyàn ní Òkè-Ògùn títí di òní tó ṣì ń tan. 2000 ló jáde.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣe èyí.

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú páálí síídì: 3, 7, 12, 16 tàbí 18. Ọjọ́ orí ni. GTA V jẹ́ 18, ìwà tó wà nínú rẹ̀ kò sì fara pamọ́. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà káàdì báńkì yín wà lórí ẹ̀rọ náà, nítorí FC ní ọjà kan tí ọmọ lè máa fi owó gidi ra agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá kò sì mọ̀ pé owó oúnjẹ ni òun ń tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin náà gbá a. Asisat Oshoala ti wà nínú FC, kì í ṣe àwọn ọkùnrin nìkan.

Má ṣe: Fi PS5 bẹ̀rẹ̀ ilé géèmù.

Ẹni tó ń sanwó fún eré kan kò bìkítà bí koríko pápá ṣe ń dán. Owó PS5 kan lè ra ju PS4 tòkunbọ̀ kan lọ, ẹ̀rọ púpọ̀ sì ni pẹ́ẹ̀dì púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà. Fi èyí tó ṣẹ́kù ra sólà. Kíláòdù kò yẹ ní dídárúkọ níbẹ̀ rárá: oníbàárà tí eré rẹ̀ bá háńgì nígbà tó ń fi góòlù kan ṣáájú á gba owó rẹ̀ padà, á sì tún bú ọ.

Ṣe: Bọ̀wọ̀ fún ọyẹ́ àti fún àrá.

Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì, eruku á wọ inú gbogbo ohun tó ní ihò. Má ti ẹ̀rọ mọ́ inú àpótí tẹlifíṣọ̀n, ó ń gbóná. PS5 ní ihò méjì lábẹ́ páálí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí eruku ń kó sí, ṣí i kí o fi ẹ̀rọ ìfaeruku fa eruku náà jáde. Nígbà òjò, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, yọ wáyà kúrò lára ògiri. Títẹ bọ́tìnnì pa kò tó. Bí iná bá lọ, yọ ọ́ náà, kí iná tó bá padà wá pẹ̀lú agbára má bá a níbẹ̀.

Ṣe: Bá ará òkèèrè sọ̀rọ̀ kí ó tó rà á, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù bá ní òun fẹ́ fi PS ṣọwọ́, sọ fún un pé èyí tó ní ojú síídì ni. Orí wáyà iná UK bá tiwa mu. Ti Amẹ́ríkà kò bá a mu, kó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ bóyá wọ́n kọ 100–240V sí i. Síídì géèmù PS4 láti ìlú èyíkéyìí á ṣiṣẹ́ lára PS4 tàbí PS5 ìlú èyíkéyìí, nítorí náà síídì PS4 àtijọ́ tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kó kó sínú àpótí náà. Ìyẹn ni ẹ̀bùn gidi.

Ṣe: Fi àyè sílẹ̀ fún kíláòdù bí ilé rẹ bá ti ní Starlink.

Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí Starlink dé, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Ní ìparí 2024, wọ́n dá títà rẹ̀ dúró ní apá kan Èkó àti Àbújá nítorí èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ìlú bíi tiwa, tí èrò kò fún, tí ojú ọ̀run sì là bí o bá ti kúrò lẹ́sẹ̀ òkè, ó lè sáré dáadáa. Ṣùgbọ́n má ra Starlink torí géèmù: owó ẹ̀rọ rẹ̀ àti owó oṣù rẹ̀ á ra PS4 kí ọdún tó yípo. Bí ó bá jẹ́ pé hótẹ́ẹ̀lì, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ òkúta ló ti ń san án, ìyẹn yàtọ̀.

Ní ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan bá wá kéde pé òun ti ṣí kíláòdù fún Nàìjíríà ní tòótọ́, pẹ̀lú owó náírà, béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn: ìlú wo ni kọ̀ǹpútà yín wà? Bí wọ́n bá ní Èkó, san owó oṣù kan, má san ti ọdún. Gbá FC ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí gbogbo ìlú ń wo Premier League lórí fóònù. Bí wọ́n bá ní Frankfurt, pa fóònù, kí o lọ yá síídì.